Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Earl, Kí Ló Dé Tí Ìyàwó Rẹ̀ Ń Jẹ́ Countess?

Páálí tíì kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹnì kan ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó fi ta ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́rẹ, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Mọ́kọ́lá. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù mi dún. Wọ́n ní àwọn rí i tí wọ́n kọ "Earl Grey" sára rẹ̀. Grey yé àwọn, orúkọ èèyàn ni, àmọ́ kí ni Earl? Kí n tó lanu, wọ́n ti bọ́ sórí òmíràn. "Ṣé irú èyí tí bàbá Diana jẹ náà ni? Edward àbúrò Ọba Charles ńkọ́? Ṣebí Earl of Wessex ni wọ́n ń pè é kó tó di Duke lọ́dún 2023. Countess sì ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀. Bí ìyàwó bá ń jẹ́ Countess, kí ló dé tí ọkọ kì í ṣe Count?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà gùn ju owó tó kù lórí fóònù mi lọ. Kì í sì í ṣe Màmá nìkan ló rú lójú. Àwọn ará wa tó ti lo ogún ọdún ní Peckham, tí wọ́n ń ka ìròyìn ààfin láràárọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò lè sọ ibi tí Earl ti wá.

Oyè ni àbí orúkọ?

Oyè ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ipele márùn-ún ni oyè ọlọ́lá tí bàbá ń fi sílẹ̀ fọ́mọ. Duke ló ga jù, Marquess tẹ̀ lé e, Earl wà láàárín, lẹ́yìn náà ni Viscount, Baron ló kẹ́yìn. Charles Grey lẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára tíì yẹn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ Earl Grey, òun ni ìkejì. Láti 1830 sí 1834 ló ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ ìjọba rẹ̀ sì ni òfin 1833 ti jáde, èyí tó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Òfin yẹn ya 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn tó ní ẹrú nínú. Àwọn ẹrú fúnra wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ ò ní rí ìyẹn lára páálí.

Ẹ fi Charles, orúkọ àbísọ rẹ̀, sọ́kàn. A ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ibi tí oyè yìí ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé kò sí afọbajẹ níbẹ̀, kò sí ìdílé mẹ́rin tó ń jẹ ẹ́ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹnikẹ́ni ò sì ní dá Ifá kí wọ́n tó mọ ẹni tó kàn. Bí Earl bá kú láàárọ̀, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti di Earl kó tó di ọ̀sán, ì báà jẹ́ ọ̀mùtí, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Bí kò bá bímọ ọkùnrin, wọ́n á wá àbúrò tàbí ọmọ àbúrò lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí obìnrin tó jẹ ẹ́.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kó tó di oyè?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Jámánì, ti Denmark, ti Norway àti ti Sweden, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Bí a ṣe ń sọ pé ilé tí ará Èkìtì ń sọ pé ulé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ń jẹ́ eorl lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó ń jẹ́ jarl lẹ́nu àwọn ará àríwá. Ẹnì kan ò fi eorl yìí jẹ ẹnì kan nígbà náà. Wọ́n kàn ń bí èèyàn sínú rẹ̀ ni, bí ìgbà tí a bá ní ọmọ ọlọ́lá ni lágbájá.

Inú ìwé òfin tí Ọba Æthelberht ti Kent ṣe ní nǹkan bí ọdún 600 la ti kọ́kọ́ rí i dáadáa. Kò sí òfin tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ tó dàgbà ju ìyẹn lọ. Ìtanràn ló pọ̀ nínú rẹ̀: o ṣe tibí, o san tọ̀hún. Bí ọkùnrin bá bá ìránṣẹ́bìnrin ọba sùn, 50 ṣílè ni yóò san. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí fún eorl ni, 12 ṣílè. Bó bá jẹ́ ti ceorl, 6 ṣílè péré. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ọmọbìnrin náà ń sìn ni owó náà wà fún, kò sí ohun tó kan ọmọbìnrin náà níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n lórí òṣùwọ̀n.

Ceorl ni mẹ̀kúnnù tó ní oko tirẹ̀, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ pe gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ní "eorl àti ceorl", bí àwa ṣe ń sọ pé àtolówó àtòtòṣì. Àwọn akéwì wọn sì máa ń pe jagunjagun èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ yìn ní eorl, kódà bí kò bá ní ju idà kan lọ.

Ṣé ó ní awo nínú tẹ́lẹ̀ ni?

Òkúta kan wà ní Järsberg, ní Sweden, tó ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí i lára pẹ̀lú lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní rune, ẹni tó fín in sì sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé: èmi, erilaz, ni mo kọ àwọn rune wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ yìí, erilaz, tún wà lára igi ọ̀kọ̀ kan tí wọ́n rí ní Denmark àti lára àwọn nǹkan mìíràn láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bàbá jarl àti eorl ni, àwọn kan ń jiyàn pé ìró rẹ̀ kò bára mu tán. Àwọn mìíràn tún fa ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn Heruli, ẹ̀yà jagunjagun kan tí òkìkí wọn kàn nígbà tí ìjọba Róòmù ń wó.

Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé ẹni tó mọ ìwé, tó mọ àṣírí, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Àṣírí gan-an sì ni rune túmọ̀ sí nínú àwọn èdè wọ̀nyẹn. Ní tèmi, mo gbà á gbọ́ díẹ̀, nítorí ìtàn kan tí àwọn ará Iceland tọ́jú sínú ewì.

Ìtàn náà ní òrìṣà kan ń rìn kiri bí àlejò. Ilé mẹ́ta ló wọ̀ sí, ó sun òru mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ọkọ àti ìyàwó. (Kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀.) Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n bí ọkùnrin nílé kọ̀ọ̀kan. Ilé àkọ́kọ́, tí wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì tí èèrí kún inú rẹ̀, ni wọ́n bí Thrall sí: awọ ọwọ́ rẹ̀ hun jọ, ìka rẹ̀ ki, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ẹrú ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Ilé kejì ni wọ́n bí Karl sí, ẹni tó ń tọ́ akọ màlúù sọ́nà, tó ń gbẹ́ ohun èlò oko, tó ń kọ́lé. Ilé kẹta ńkọ́? Aṣọ funfun báláú ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, ẹran ẹyẹ àti wáìnì ni wọ́n gbé ka iwájú àlejò. Jarl ni ọmọ tibẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ mú bíi ti ọmọ ejò. Ó kọ́ ọfà, ó kọ́ ẹṣin gígùn. Nígbà tó dàgbà, òrìṣà náà yọ sí i láti inú igbó, ó pè é ní ọmọ, ó sì kọ́ ọ ní rune. Kò kọ́ Thrall, kò kọ́ Karl.

Karl yìí ni ceorl tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ náà ló la Jámánì àti Faransé kọjá tó fi di Charles. Nítorí náà, Charles Grey tó wà lára páálí tíì, Earl ni oyè rẹ̀, mẹ̀kúnnù ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Eorl àti ceorl pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo. Ti àbúrò Diana náà rí bẹ́ẹ̀, Charles, Earl Spencer. Ọba tó wà lórí oyè ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, tí gbogbo Earl ń tẹrí ba fún, Charles Kẹta ni. Ní ti ceorl fúnra rẹ̀, churl ló dà nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ìyẹn ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ta ló sọ ọ́ di ipò àṣẹ?

Àwọn ará Denmark ni. Nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi ya wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn jarl ló ń kó ọmọ ogun wọn. Nínú ogun Ashdown ní 871, ọba wọn kan àti jarl márùn-ún ló kú lójú ogun. Jarl tiwọn kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá lásán: ó ní ọkọ̀, ó ní ọmọ ogun, ó ní ilẹ̀ tó ń darí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ tiwọn fún ẹni tó ń bá ọba ṣàkóso agbègbè kan. Ealdorman ni wọ́n ń pè é, "ẹni àgbà" ló sì túmọ̀ sí, ohun tí etí Yorùbá á tètè gbọ́. Ṣùgbọ́n Cnut ọmọ Denmark di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1016. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó pín ilẹ̀ náà sí mẹ́rin, ó di Wessex mú fúnra rẹ̀, ó sì fi mẹ́ta yòókù lé àwọn mìíràn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ealdorman ti ń pa rẹ́, tí eorl sì wọ bàtà jarl. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìtumọ̀ Denmark ni wọ́n rọ sínú rẹ̀.

Earl ìgbà yẹn dà bíi gómìnà tó tún jẹ́ Balógun. Òun ló ń kó ọmọ ogun agbègbè rẹ̀, òun ló ń jókòó ní kóòtù, ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìtanràn kóòtù náà sì ń wọ àpò rẹ̀. Ọba ló ń fi í síbẹ̀, ọba sì lè yọ ọ́, bí agbára rẹ̀ bá ká a. Godwin, Earl of Wessex, bá ọba jà ní 1051, ọba lé e kúrò nílùú. Ọdún kejì, Godwin kó ọkọ̀ ojú omi dé, wọ́n sì dá ipò rẹ̀ padà fún un. Nígbà tó kú ní 1053, Harold ọmọ rẹ̀ gba ipò náà, ní 1066 Harold yìí kan náà sì di ọba. Bí Earl ṣe lágbára tó nìyẹn.

Countess ti wá wọ̀ ọ́ báwo?

Harold ò lo ọdún kan lórí oyè. William kó àwọn ará Normandy wọ̀lú lọ́dún 1066 náà, wọ́n pa Harold lójú ogun, èdè Faransé sì gbàlú. Lọ́dọ̀ àwọn yìí, comte ni ẹni tó wà ní irú ipò Earl. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, "ẹni tó ń bá ọba rìn" sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn akọ̀wé William wá ń fi ọ̀rọ̀ Látìn yẹn pe gbogbo Earl nínú ìwé. Earl kò kúrò lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣá, bóyá ó ti mọ́ wọn lára jù. Ṣùgbọ́n eorl kò ní abo. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kankan fún ìyàwó Earl. Ìgbà tí wọ́n wá nílò rẹ̀, ti Faransé ni wọ́n yá: Countess. Wọ́n mú ìyàwó, wọ́n fi ọkọ sílẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè Màmá nìyẹn: ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ ọkọ, Faransé ni orúkọ ìyàwó, ogun ló so wọ́n pọ̀.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí "county". Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ comte ni. Kò sí Count kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ county kún ibẹ̀, ó kún Amẹ́ríkà, 47 ló sì wà ní Kenya lónìí.

William tún mọ ohun tí Harold fi oyè yẹn dà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gba ibẹ̀ dé orí ìtẹ́. Ó dín Earl kù. Waltheof, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn lára wọn, ni wọ́n bẹ́ lórí ní Winchester ní 1076 lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ kan. Iṣẹ́ kóòtù àti owó orí bọ́ sọ́wọ́ sheriff, ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n lè pààrọ̀ nígbàkígbà. Díẹ̀díẹ̀, oyè ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Earl, iṣẹ́ ti lọ.

Kí ló sọ ìyáálé di ẹnì kẹta?

Títí di 1337, kò sí oyè ọlọ́lá tó ga ju Earl lọ lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yẹn, Ọba Edward Kẹta fi ọmọ rẹ̀ jẹ Duke of Cornwall, Duke àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì gbé e lé Earl lórí. Ní 1385 wọ́n mú Marquess wọlé, wọ́n fi í sáàárín àwọn méjèèjì. Ní 1440 Viscount dé, ìyẹn bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé olórogún á mọ bó ṣe ń rí: ìyáálé ló ti wà nílé tipẹ́, àwọn ìyàwó tuntun ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Níbi tí jarl ti ń pàṣẹ ńkọ́?

Wọ́n ti jù ú nù níbẹ̀. Ní Sweden, Birger Jarl, ẹni tí ìtàn sọ pé ó tẹ ìlú Stockholm dó, lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi di ọba. Ó kú ní 1266, oyè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ní Norway, Ọba Haakon Karùn-ún fagi lé e ní 1308, ó yọ àwọn ọmọ ọba àti ti erékùṣù Orkney sílẹ̀ nìkan. Nígbà tí àwọn ọba Sweden tún fẹ́ fi èèyàn joyè ní 1561, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́dọ̀ àwọn Jámánì, greve, ni wọ́n lò. Jarl di orúkọ àbísọ. Tẹ́ ẹ bá pàdé ọmọ Norway tó ń jẹ́ Jarl, ó lè jẹ́ káfíńtà.

Ǹjẹ́ Earl kankan kan àwa?

Ó kàn wá, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Ní 1861, Lord John Russell ni mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Gẹ̀ẹ́sì. "Lord" tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe oyè gidi: ọmọ Duke ni, kì í ṣe àkọ́bí, ìyẹ́sí ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè du ìbò kó sì jókòó sí House of Commons, ilé aṣòfin àwọn tí ìlú dìbò yàn. Nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba Èkó. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje, Ọbabìnrin Victoria fi í jẹ Earl Russell, ó sì gbéra lọ sílé àwọn ọlọ́lá, ìyẹn House of Lords, ilé aṣòfin kejì. Ọjọ́ keje lẹ́yìn ìwúyè yẹn, ìyẹn ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun wọn sì wà lórí ọ̀sà. Ẹnì kan gba oyè, ẹnì kan pàdánù ìlú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló kù lọ́wọ́ Earl báyìí?

Kò pọ̀. Bí wọ́n bá fi ẹnì kan jẹ Earl of Wessex, wọn ò fún un ní Wessex. Wessex gan-an ti kúrò lára ìpínlẹ̀ tó wà tipẹ́. Nígbà tí Edward jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1999, ó ti lé ní 900 ọdún tí ẹnikẹ́ni ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Ọdún 1999 yẹn kan náà ni òfin kó ọ̀pọ̀ àwọn tó jogún oyè kúrò nílé àwọn ọlọ́lá, tó ṣẹ́ ku 92. Ẹni tó kẹ́yìn tí kì í ṣe ará ààfin tí wọ́n fi jẹ Earl tuntun ni Harold Macmillan, tó ti ṣe olórí ìjọba rí. Earl of Stockton ni wọ́n pè é, ní 1984.

Ìyẹ́sí ló kù. Ní 1975, bàbá bàbá Diana kú, bàbá rẹ̀ di Earl Spencer kẹjọ, Diana ọmọ ọdún 13 sì di "Lady Diana" lọ́jọ́ náà, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọbìnrin Earl. Nítorí náà, Lady tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ọn lórúkọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ti gbé e wá, kò rí i gbà lọ́wọ́ ọkọ.

Amẹ́ríkà fi òfin ìpìlẹ̀ wọn kọ̀ pé ìjọba wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni joyè ọlọ́lá. Kí làwọn òbí wá ṣe? Wọ́n ń sọ ọmọ ní Earl. Jimmy Carter, ààrẹ wọn tó wá sí Èkó ní 1978, James Earl Carter lorúkọ rẹ̀ ní kíkún. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ta jáàsì náà ò gbẹ́yìn: Duke Ellington, Count Basie, Earl Hines. Àwọn méjì àkọ́kọ́ fi Duke àti Count ṣe orúkọ ìnagijẹ, bí Sunny Adé tiwa ṣe jẹ́ King. Earl Hines nìkan ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Mo ka gbogbo èyí fún Màmá lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ìyàwó Grey yẹn, òun náà wá ń jẹ́ Countess?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Countess Grey nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀, Lady Grey ni wọ́n á pè é.

"Wọn ò wá fi tíì sọrí tiẹ̀?"

Mo ní tiẹ̀ wà, Lady Grey ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, wọ́n fi èèpo ọsàn sí i.

"Ìyẹn ni kí wọ́n mú bọ̀ tí wọ́n bá tún ń bọ̀. Ti ọkọ yìí korò."